Bí wọ́n bá ní "kò sí", ṣé kò sí lóòótọ́? Àlàyé lórí àyẹ̀wò HPV fún àwọn obìnrin Èkìtì

Obìnrin méjì lè jáde nílé ìwòsàn méjì ní Adó-Èkìtì lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà: "Kò sí nǹkan kan, ẹ máa lọ sílé." Fínígà ni wọ́n fi wo ọrùn ilé ọmọ ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi wá HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, lára ìkejì. Gbólóhùn náà jọra, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò jọra. "Kò sí" ti ìkejì lè gbé e fún ọdún márùn-ún, ó tilẹ̀ lè gbé e tó mẹ́wàá. "Kò sí" ti àkọ́kọ́ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí ẹnì kan sọ ọ́ fún un kó tó wọ ọkọ̀ padà sí Ìjerò tàbí Ìkọ̀lé.

Ọ̀rọ̀ tó gba àlàyé ni, torí pé jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ń pa wá. Lọ́dún 2020 nìkan, ìṣirò tí wọ́n ń ṣe káàkiri àgbáyé fi hàn pé obìnrin 12,075 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lára wọn ní Nàìjíríà, àwọn 7,968 sì kú. Ọdún yẹn náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ètò kan kalẹ̀ pé kó tó di 2030, ọmọbìnrin 90 nínú 100 gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kí wọ́n tó pé ọdún 15. Obìnrin 70 nínú 100 gbọ́dọ̀ ti ṣe àyẹ̀wò tó múná dóko kí wọ́n tó pé 35, kí wọ́n sì tún un ṣe kí wọ́n tó pé 45. Àwọn 90 nínú 100 tí wọ́n bá rí nǹkan lára wọn sì gbọ́dọ̀ rí ìtọ́jú. Ẹ wo ti àárín yẹn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ní kí obìnrin ṣe é. Ìyá tó ń tajà l'Ọjà Ọba, ìyá tó ń ṣe oko kòkó lágbègbè Ìsẹ̀ àti Emùré, bóyá ọjọ́ tí àwọn elétò ìlera bá wọ̀lú tàbí tí ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì bá pè wọ́n ni wọn yóò ṣe é, ó sì lè tó ọdún mẹ́wàá kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tó tún dé. Àyẹ̀wò tó bá ń jẹ́ kí ìdajì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kò yẹ ẹni tó máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì láyé. Ìdí nìyẹn tí WHO fi sọ lọ́dún 2021 pé àyẹ̀wò tó ń wá DNA kòkòrò HPV, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ inú rẹ̀, ni kí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe níbikíbi tí agbára bá ká a.

Kòkòrò náà ni ká kọ́kọ́ mọ̀. Irú HPV tó wà ju 200 lọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí 14 ló léwu fún ọrùn ilé ọmọ. Méjì nínú wọn, 16 àti 18, ló wà nídìí nǹkan bí 70 nínú gbogbo 100 jẹjẹrẹ ibẹ̀. Harald zur Hausen, onímọ̀ ará Jámánì, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló rí 16 lọ́dún 1983, wọ́n rí 18 lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 2008. Ìbálòpọ̀ ni kòkòrò náà ń bá dé, ó sì wọ́pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ti mọ ọkùnrin tàbí obìnrin rí ló ti ní in nígbà kan. Ara fúnra rẹ̀ ló ń lé e lọ: nínú ènìyàn mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án kì í ní in mọ́ tí ọdún méjì bá fi kọjá. Èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ ló ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà tó bá wọlé títí yóò fi di jẹjẹrẹ máa ń tó ọdún 15 sí 20 lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Lára ẹni tó ní kòkòrò HIV tí kò sì lo oògùn, ó lè má ju ọdún 5 sí 10 lọ.

Gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe ń wá ọ̀nà láti já sí àárín ọdún wọ̀nyẹn. Ibi tí oníkálukú ń gbà já síbẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà.

Ti fínígà, tí wọ́n ń pè ní VIA, ojú ni wọ́n fi ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì á fi irin ṣí ojú ara, á rẹ òwú sínú ásíìdì fínígà tó jẹ́ ìdá 3 sí 5 nínú 100, á fi kan ọrùn ilé ọmọ, á dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú kan, á wá wo bóyá ibì kan ti funfun. Ó pọ́ọ́kú, èsì rẹ̀ sì ń jáde lójú ẹsẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ fojú rénà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí kòkòrò rárá. Ohun tí kòkòrò ti bàjẹ́ ló ń wá, ojú ènìyàn ló sì ń wò ó. Bí wọ́n bá po ásíìdì náà tó ṣàn jù, bí wọn kò bá dúró tó ìṣẹ́jú kan, bí bátìrì tọ́ọ̀ṣì ti ń kú lọ, èyí tó yẹ kó funfun kò ní funfun tó. Lódìkejì, ara tó kàn wú látàrí àìsàn mìíràn náà lè funfun. Fún ìyá tó ti kọjá ọdún 50, tí kò rí nǹkan oṣù mọ́, ibi tó yẹ kí wọ́n wò ti máa ń wọ inú ihò ọrùn ilé ọmọ lọ, níbi tí ojú kò lè dé. Ẹni tó bá ní "kò sí" fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ lórí àyẹ̀wò fínígà nìkan kò rí ibi tó yẹ kó wò.

Pap smear ló ti pẹ́ jù. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń ha láti ọrùn ilé ọmọ, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á wá fi maikirosikópù wá sẹ́ẹ̀lì tó ti yí padà láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò yí. Òun ló dín ikú jẹjẹrẹ yìí kù nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nítorí pé wọ́n ń tún un ṣe léraléra: èyí tó bá bọ́ lọ́dún yìí, wọ́n á rí i tó bá di ọdún mẹ́ta òní. Gíláàsì tí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fi ọ̀tí ìpamọ́ sí i, tí afẹ́fẹ́ fi gbẹ ẹ́, ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti ń ka gíláàsì láti àárọ̀ máa ń rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹnì kan ka ju 100 lọ láàárín wákàtí 24. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kà kò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà èsì lè pẹ́ kó tó dé.

Àyẹ̀wò HPV kò wo funfun, kò wo ìrísí sẹ́ẹ̀lì. DNA kòkòrò gan-an ló ń wá. Ẹ̀rọ á mú ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá rí, á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, á tún un ṣe, bí igba ṣe ń di irinwó, tí irinwó ń di ẹgbẹ̀rin, títí iye rẹ̀ yóò fi pọ̀ tó èyí tí ẹ̀rọ lè rí. Bí kòkòrò bá pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ kó tó hàn. Bí kò bá pọ̀, yóò gba ìlọ́po púpọ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti fi ààlà sí i: èyí tó bá kọjá iye ìlọ́po kan kó tó hàn, wọn kò ní kà á sí. Ó lè ṣe àwọn kan ní kàyéfì pé kí àyẹ̀wò mọ̀ọ́mọ̀ gbójú kúrò lára kòkòrò tó wà níbẹ̀. Àmọ́ ìwọ̀nba tín-ín-ní tó kàn ń kọjá lọ kì í fa àyípadà kankan, bí wọ́n bá sì ń ké sí gbogbo ẹni tó ní in, obìnrin tí ara rẹ̀ dá ni wọn yóò kó ìdààmú bá. Àyẹ̀wò tó rí gbogbo kòkòrò kọ́ ló dára jù. Èyí tó bá rí kòkòrò tó lè pa ènìyàn lára, tí kò sì jẹ́ kó bọ́, ni a ń wá.

Ẹni tó bá ti sẹ́ èlùbọ́ rí á tètè mọ bí ìpéye àyẹ̀wò ṣe ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹkọ̀sọ̀ tí ihò rẹ̀ fẹ̀ máa ń jẹ́ kí èérí bá ìyẹ̀fun wọlẹ̀. Èyí tí ihò rẹ̀ kéré kì í jẹ́ kí èérí kankan kọjá, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun tó dára á bá èérí dúró sókè, ẹ ní láti tún un sẹ́. Ohun méjì ni kí ẹ máa bi àyẹ̀wò: nínú àwọn tí ewu wà lára wọn, mélòó lo mú? Nínú àwọn tí kò sí lára wọn, mélòó lo jọ̀wọ́ lọ́wọ́ lọ́sẹ̀? Nígbà tí olùṣèwádìí kan, Jack Cuzick, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Yúróòpù àti àríwá Amẹ́ríkà jọ lọ́dún 2006, àyẹ̀wò HPV mú 96.1 nínú 100 obìnrin tí àyípadà eléwu, èyí tó lè di jẹjẹrẹ, wà lára wọn. Pap smear mú 53.0. Ní ti àwọn tí àyípadà kò sí lára wọn, Pap smear jọ̀wọ́ 96.3 nínú 100, àyẹ̀wò HPV jọ̀wọ́ 90.7.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn ṣírò. Ká ní obìnrin 1,000 wá, kí 20 nínú wọn ní àyípadà eléwu. Iye 20 yìí, a kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni. Àyẹ̀wò HPV á mú 19 nínú àwọn 20 náà, ẹnì kan á bọ́. Á tún ké sí bí 91 nínú àwọn 980 tí kò ní àyípadà. Àpapọ̀ àwọn tó gbọ́ "ó wà" jẹ́ 110. Àwọn 890 tó kù gbọ́ "kò sí", ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni wọ́n ṣì lọ́nà. Bó bá jẹ́ Pap smear, yóò mú 10 tàbí 11, yóò ké sí bí 36 tí kò ní nǹkan, yóò sì ní kí obìnrin 9 tàbí 10 tí ewu wà lára wọn máa lọ sílé. Bí àwọn yẹn kò bá padà wá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Ẹ padà wo àwọn 91 wọ̀nyẹn, nítorí ibẹ̀ ni àṣìlóye pọ̀ sí. Àyẹ̀wò kò parọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kòkòrò wà lára wọn lóòótọ́. Kò tíì ba nǹkan kan jẹ́ ni, ó sì ṣeé ṣe kó má ba nǹkan kan jẹ́ láé. Nínú àwọn 110 tó gbọ́ "ó wà", bí ẹnì kan nínú mẹ́fà ni àyípadà wà lára rẹ̀. "HPV wà lára yín" kò túmọ̀ sí "ẹ ní jẹjẹrẹ". Kò sì túmọ̀ sí pé ọkọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde síta. Kòkòrò yìí lè sùn sára fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hàn, àyẹ̀wò kankan kò sì lè sọ ìgbà tó wọlé tàbí ọwọ́ ẹni tó ti wá. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì sọ gbólóhùn yẹn sókè kedere kó tó fún ènìyàn ní èsì, torí ilé lè dàrú lórí ohun tí àyẹ̀wò kò sọ.

Ìdí kan náà ni wọn kì í fi í ṣe é fún ọmọ ogún ọdún. Ní ọjọ́ orí yẹn, kòkòrò ń wọlé ó ń jáde. Bí ẹ bá wá a, ẹ ó rí i, ẹ ó sì máa tọ́jú ohun tí ara ì bá lé lọ fúnra rẹ̀. Ọdún 30 ni WHO ní kí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa tún un ṣe ní ọdún 5 sí 10 síra wọn. Fún ẹni tó ní HIV, ọdún 25 ni, kó sì tún un ṣe ní ọdún 3 sí 5.

Ìwádìí kan tó ní í ṣe pẹ̀lú wa gidi wáyé ní Osmanabad, àgbègbè olóko kan ní Íńdíà. Obìnrin 131,746 tí wọ́n wà láàárín ọdún 30 sí 59 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn kan ṣe àyẹ̀wò HPV, àwọn kan ṣe Pap smear, àwọn kan ṣe ti fínígà, àwọn tó kù ń bá ìtọ́jú tó ti wà nílẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2009, ikú jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì láàárín àwọn tó ṣe àyẹ̀wò HPV. Àwọn ọ̀nà méjì tó kù kò fi ìdínkù tó dájú hàn. Ìgbèríko, ẹ̀ẹ̀kan péré, kò sí ìpadàwá: ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ọ̀mùò mọ ìdí tí èsì yẹn fi kàn wá ju ti ìlú London lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa irú kòkòrò tó wà nílẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ní Ìdíkàn, n'Íbàdàn, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2004, wọ́n rí HPV lára bí 26 nínú 100 obìnrin 932 tí wọ́n yẹ̀ wò. Àwọn irú tó pọ̀ jù ni 16, 31, 35 àti 58. Ẹ fi ojú sí 35 yẹn. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin ilẹ̀ adúláwọ̀ ju bó ṣe wọ́pọ̀ níbòmíràn lọ. Láàbù tó bá ń wá 16 àti 18 nìkan lè ní "kò sí" fún ẹni tí 35 ń bá jà. Ẹ béèrè bóyá irú 14 tó léwu ni wọ́n ń wá, kí ẹ sì béèrè bóyá èsì yóò ya 16 àti 18 sọ́tọ̀, nítorí ẹni tí èyíkéyìí nínú àwọn méjì yẹn bá wà lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó rí dókítà. Irú 6 àti 11 kò wúlò níbí rárá. Wọ́n ń fa kókó kéékèèké sí ojú ara, wọn kì í fa jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá sì gba ẹ̀jẹ̀ yín pé òun fẹ́ fi wá HPV ọrùn ilé ọmọ, ẹ dìde níbẹ̀. Ara ọrùn ilé ọmọ àti ojú ara ni kòkòrò yìí ń gbé, kì í rìn nínú ẹ̀jẹ̀.

Bí ẹ̀rọ ti dára tó nìyẹn, síbẹ̀ "kò sí" lè jẹ́ irọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ọwọ́ ló fà á, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ọjọ́ méjì ṣáájú àyẹ̀wò, kí ẹ má bá ọkọ lò pọ̀, kí ẹ má fi oògùn tàbí ìpara kankan sí ojú ara, kí ẹ má fi ọṣẹ, àgbo tàbí álọ́ọ̀mù fọ inú rẹ̀. Ohun tí ẹ bá kó síbẹ̀ ló ń bo sẹ́ẹ̀lì tàbí tó ń dí ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí nǹkan oṣù parí. Bí oyún bá wà tàbí ẹ rò pé ó wà, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó mú búrọ́ọ̀ṣì.

Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà àti déètì sára ìgò kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Fúnmiláyọ̀ mẹ́ta lè wà lórí ìlà kan lọ́jọ́ àyẹ̀wò ọ̀fẹ́, bí ìgò mẹ́ta tí kò lórúkọ bá sì wà lórí tábìlì, kò sí ẹ̀rọ tó lè yanjú ìyẹn. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kó fi rẹ irin tó fi ń ṣí ojú ara. Bí jẹ́ẹ̀lì bá pọn dandan, kó kéré, kó má kan ẹnu ọrùn ilé ọmọ, torí ohun tó wà nínú jẹ́ẹ̀lì mìíràn ń dá iṣẹ́ ẹ̀rọ dúró. Kó fi òwú rọra nu ikun tó bá pọ̀ jù. Irun búrọ́ọ̀ṣì tó gùn jù ní àárín ni kó wọ ẹnu ihò náà, kó yí i lápá kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ tó bá pọ̀ jù nínú sáńpù náà, ìyẹn ohun tí búrọ́ọ̀ṣì gbà, ń ba àyẹ̀wò jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìgò. Irú omi ìpamọ́ kan fẹ́ kí wọ́n tẹ búrọ́ọ̀ṣì náà mọ́ ìsàlẹ̀ ìgò lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí wọ́n jù ú kiri dáadáa, kí wọ́n tó sọ ọ́ nù. Irú mìíràn fẹ́ kí orí búrọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ti èkíní fún èkejì ń sọ sẹ́ẹ̀lì tó há mọ́ búrọ́ọ̀ṣì nù. Ìdérí gbọ́dọ̀ le. Ọ̀tí wà nínú omi yẹn, ó ń fẹ́ lọ. Láti Ọ̀mùò tàbí Ìkọ̀lé dé láàbù l'Adó, ìgò kò gbọ́dọ̀ wà nínú búùtù ọkọ̀ tí oòrùn oṣù kejì ń ràn lé. Ọ̀pọ̀ irú omi ìpamọ́ yìí kò fẹ́ ooru tó ju 30 lórí ìwọ̀n Celsius lọ, inú búùtù ọkọ̀ sì máa ń kọjá ìyẹn dáadáa.

Ní láàbù, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n bi: ṣé ẹ̀rọ yín ń wo sẹ́ẹ̀lì ènìyàn pẹ̀lú? Àwọn àyẹ̀wò tó dára máa ń wá DNA obìnrin náà fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kòkòrò. Bí wọn kò bá rí ti ènìyàn, a jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì kò gbé nǹkan kan wá, èsì á sì jáde pé àyẹ̀wò kò ṣe é kà, kí wọ́n tún un gbà. Àwọn àyẹ̀wò kan tó ti pẹ́ kò ní èyí. Bí ẹ bá ki búrọ́ọ̀ṣì tí kò kan ara ẹnikẹ́ni bọ ìgò wọn, "kò sí" ni wọn yóò sọ. Àwọn irú àtijọ́ yẹn náà ló máa ń ṣèèṣì mú HPV tí kò léwu bí ẹni pé ó léwu, nítorí wọ́n jọra. "Kò ṣe é kà" kì í ṣe "kò sí". Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ padà lọ.

Ẹ̀rọ GeneXpert, tí àwọn ilé ìwòsàn wa mọ̀ dáadáa látàrí àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, lè ṣe ti HPV bí wọ́n bá ní kátíríìjì tirẹ̀, ìyẹn ike kékeré tí wọ́n ń da sáńpù sí. Mílílítà kan ni wọ́n ń fi sí i, èsì ń jáde ní nǹkan bí wákàtí kan, ó sì ń yẹ sẹ́ẹ̀lì ènìyàn wò pẹ̀lú. Ìyọnu rẹ̀ níhìn-ín ni iná. Bí iná bá lọ lágbede méjì tí kò sí bátìrì tó gbé e ró, kátíríìjì yẹn ti ṣòfò, owó sì ti lọ. Láàbù tó bá gbára lé iná ìjọba nìkan á máa fi ọjọ́ sún àyẹ̀wò síwájú. Ìgbà díẹ̀ wà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń tàsé: nígbà tí kòkòrò bá ti so mọ́ DNA ènìyàn, ó lè sọ apá kan ara rẹ̀ nù, pàápàá apá tí wọ́n ń pè ní L1. Àyẹ̀wò tó ń wá L1 nìkan lè má rí i. Apá E6 àti E7 ló ń fa jẹjẹrẹ, wọn kì í sọnù, nítorí náà èyí tó ń wá wọn kì í tàsé báyẹn. Àwọn jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ díẹ̀ sì tún wà tí HPV kò fà rárá. Kò sí ẹ̀rọ HPV tó máa rí wọn.

Ìròyìn tó dùn mọ́ wa jù nínú gbogbo èyí ni pé obìnrin lè gba sáńpù náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá wa kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin ṣí ojú ara wọn, ìtìjú yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Wọ́n á fún un ní búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tàbí òwú orí igi, á wọ yàrá kan tàbí ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́, á fọ ọwọ́, á lóṣòó tàbí gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á rọra tì í wọ ojú ara ní nǹkan bí ìka ọwọ́ kan títí yóò fi kan ibi tó ń dá a padà, á yí i fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 30, á fà á yọ láì jẹ́ kó kan itan tàbí aṣọ, á fi í sínú ọpọ́n rẹ̀. Ìwádìí tí olùṣèwádìí mìíràn, Marc Arbyn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó jọ lọ́dún 2018 fi hàn pé bí ẹ̀rọ bá jẹ́ èyí tó ń sọ DNA di púpọ̀, sáńpù tí obìnrin gbà péye bí èyí tí dókítà gbà. Pẹ̀lú àwọn irú àtijọ́ tí a mẹ́nu bà, kò péye tó bẹ́ẹ̀. Kí ètò kankan tó pín búrọ́ọ̀ṣì kiri abúlé, irú ẹ̀rọ tó wà ní láàbù ni kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Kí wọ́n sì sọ fún àwọn ìyá náà pé bí èsì bá ní "ó wà", wọ́n ṣì ní láti wá kí wọ́n lè wo ọrùn ilé ọmọ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn "ó wà" ni atúnsẹ́ kọ̀ǹkọ̀sọ̀. Wọ́n lè fi fínígà wò ó, tàbí Pap smear, tàbí kí dókítà fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, ní irú ilé ìwòsàn ńlá bíi ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì l'Adó tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Bí wọn kò bá rí àyípadà, oṣù 24 ni kí ẹ fi padà wá. Oṣù 12 ni fún ẹni tó ní HIV. Bí wọ́n bá rí i, tí kò sì tíì di jẹjẹrẹ, wọ́n lè fi irin gbígbóná tí ooru rẹ̀ tó 100 lórí ìwọ̀n Celsius kan ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, ẹ ó sì lọ sílé lọ́jọ́ náà. Oṣù 12 lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tún àyẹ̀wò ṣe. Kí ẹ fi nọ́ńbà fóònù méjì sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba sáńpù: ti ara yín, àti ti ẹni tí ẹ fọkàn tán. Àìrí ẹni tó ni èsì máa ń sọ iṣẹ́ ẹ̀rọ tó péye di asán.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní oṣù kẹwàá 2023, ẹ̀ẹ̀kan péré, ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ 16 àti 18. Kò kan 35. Àwọn ọmọ yẹn náà yóò ní láti ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n bá pé 30.

Ohun kan ló kù, ó sì ṣe pàtàkì ju gbogbo ìṣirò wọ̀nyí lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò sọ nǹkan kan ni àyẹ̀wò yìí wà fún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, bí ìyá tí kò rí nǹkan oṣù mọ́ bá tún rí ẹ̀jẹ̀, bí omi tó ń rùn bá ń jáde tí kò dáwọ́ dúró, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò ọ̀fẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí "kò sí" kankan, ti fínígà tàbí ti ẹ̀rọ, dá yín padà sílé. Ẹ lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí ẹ sì ní kó fi ojú ara rẹ̀ wo ọrùn ilé ọmọ yín.